Ojúlówó Ìlẹ̀kẹ̀ àti Ayédèrú Rẹ̀: Ìtàn Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Yan Ohun Ọ̀ṣọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìfẹ́ ọmọ ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un yẹ̀ wò, a óò rí i pé ó ní ohun mìíràn nínú. Àwọn tí ó pa òwe náà ka ìlẹ̀kẹ̀ sí ohun iyebíye, ohun tí ènìyàn kì í mú fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ láìronú. Bí ohun kan bá sì ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀, dandan ni kí àwọn tí ó ni ín mọ bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń rà á, àti bí a ṣe ń mọ ojúlówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lásán ni mo mú wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa ni ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìyá tí ó bí ìyá mi lọ sí ibi tí àgbà ń rè, wọ́n bá àpótí onígi kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró wà nínú rẹ̀, tí a sín sí òwú dúdú, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa mélòó kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin kan tí ń kiri abúlé láti ra ohun àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí. Ó ní àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà ti gbó, ojú wọn ti ṣú, àánú ni òun sì fẹ́ fi ṣe wọ́n. Ó fún wọn ní owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì kan, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà tuntun tí ń dán gbinrin lé e fún àwọn ọmọdébìnrin ilé. Inú gbogbo ilé dùn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù nínú ti màmá àgbà, nítorí pé ó ti já bọ́ sí kọ̀rọ̀ àpótí. Ẹyọ kan yìí ni ó dé ọwọ́ mi nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ Olókun, tí wọ́n ní ó jẹ́ aya Odùduwà, ọlọ́rọ̀ obìnrin. Igbó tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Igbó Olókun, wà ní apá àríwá ìlú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ifẹ̀ ti ń gbẹ́ ilẹ̀ igbó yìí, tí wọ́n ń hú ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á.

Ní ọdún 1910 ni òyìnbó ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí. Ó rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ lẹ̀ mọ́ nínú. Ó rí orí onídẹ tí a ń pè ní orí Olókun, ó sì fẹ́ gbé e lọ kí àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó burú ju gbígbé ère lọ ni èrò rẹ̀. Kò gbà pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan àfi nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń sọ pé òkèèrè ni dígí náà ti wá, pé yíyọ́ nìkan ni àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ ọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sórí dígí ìhà gúúsù Nàìjíríà jáde. Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára wọn. Wọ́n rí i pé àwọn èròjà inú dígí Ifẹ̀ kò bá ti dígí Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu, àti pé ó jọ pé ilẹ̀ yìí gan-an ni a ti pò ó. Ní ọdún 2011 sí 2012, awalẹ̀pìtàn ọmọ Yorùbá kan, Abidemi Babatunde Babalola, gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó rí níbẹ̀ ju 12,000 lọ. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tí ó rí ju 800 lọ. Ó sì rí èérún dígí tí ó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. A ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tí èròjà rẹ̀ bá ti Ifẹ̀ mu títí dé Gao ní orílẹ̀-èdè Mali. Èyí ni pé kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa, àwọn baba wa ti ń ṣe dígí, wọ́n ti ń sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ará òkèèrè sì ti ń rà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye tí ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ lójú wọn, kí ó wo àwọn ère idẹ tí a rí ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀, ní ọdún 1957. Ère ọba wà nínú wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ọrùn ọba yìí, ó wà ní àyà rẹ̀, ó wà ní ọwọ́ àti ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rọ ère náà fara balẹ̀ ṣe àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó sì ya kékeré sọ́tọ̀ fún ńlá.

Sẹ̀gi àti Iyùn

Orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa. Lágídígba wà, tí a fi èèpo èkùrọ́ ṣe, tí àwọn obìnrin ń sín sí ìdí. Sẹ́sẹ́ẹfun wà, funfun báláú, tí í ṣe ti àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ìdè wà fún àwọn babaláwo. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ tí owó rẹ̀ wọ́n, sẹ̀gi àti iyùn ni a máa ń dárúkọ ṣáájú.

Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ aró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn òun ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan tí wọ́n ń pè ní “coris” ní agbègbè Bìní, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí láti fi gba wúrà. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé sẹ̀gi tàbí ìbátan rẹ̀ ni. Ẹ rò ó wò: ìlẹ̀kẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ wa ni òyìnbó fi ń ra wúrà ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn!

Ọ̀rọ̀ sẹ̀gi ni ó mú mi padà sórí ẹyọ kan tí ó ṣẹ́ kù nínú àpótí màmá àgbà. Mo mú un tọ bàbá arúgbó kan lọ ní àdúgbò wa. Bàbá gbà á, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àwọ̀ wo ni èyí?” Mo ní, “Aró ni, bàbá.” Wọ́n ní, “Ó dára. Gbé e kọjú sí oòrùn, kí o wò ó láti òdìkejì.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Aró tí mo ń wò pa dà di àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, “Àwọn yòókù ńkọ́?” N kò lè dáhùn. Àmì tí àwọn àgbà fi ń mọ sẹ̀gi àtijọ́ nìyẹn: bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlù ú láti ìta, aró ni, bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Ọkùnrin tí ó rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a tà á kò mọ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé orúkọ yìí. Ní Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ṣì ń pe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan ní “segi”, wọ́n sì kà á sí ohun iyebíye. Ní Cuba, “eleke” ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn olórìṣà títí di òní.

Iyùn ní tirẹ̀ kì í ṣe dígí. Inú òkun ni ó ti ń wá. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan ni ó ń kọ́ ọ jọ bí ẹ̀ka igi nísàlẹ̀ omi, pàápàá ní Òkun Mẹditaréníà. Láti ìgbà tí àwọn Pọtogí ti dé Bìní ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni iyùn ti wà lára ọjà tí wọ́n ń kó wá fún ọba àti àwọn ìjòyè. Ìlú kan ní Ítálì, Torre del Greco, gbajúmọ̀ fún gbígbẹ́ iyùn, ilẹ̀ wa sì wà lára ibi tí ọjà wọn ń wá. Àwọn mìíràn a tún máa pe ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa ní iyùn. Nítorí náà, bí òǹtajà bá pe orúkọ iyùn, ó yẹ kí òǹrajà béèrè pé, “Iyùn inú omi ni, tàbí ti òkúta?”

Iyì ìlẹ̀kẹ̀ kò mọ sí ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó fún ni, àti ẹ̀tọ́ tí a fi ń lò ó, wà lára iye rẹ̀. Ní ọdún 1903, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Rẹ́mọ bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Gómìnà William MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélẹ́kàn Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó láti wá sọ ohun tí àṣà wí. Ọọ̀ni sì sọ ọ́ pé Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí irú adé bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó ń jiyàn bóyá àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ara adé náà dára. Orírun adé ni wọ́n ń wádìí. Ohun tí àwọn baba wa ń bi adé ni wọ́n ń bi ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú: níbo ni o ti wá?

Lántànà ti Ìlọrin

Ní Ìlọrin, ìlú tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn gbilẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Òun ni lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ tọpa iṣẹ́ wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí ìlú ńlá náà dahoro ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n káàkiri, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ibi tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ìlọrin di ibùdó àwọn alágbẹ̀ẹ́ òkúta yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé òkúta náà wá fún wọn.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Oníṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣá òkúta wẹ́wẹ́. Yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí i, díẹ̀díẹ̀, láti orí kan àti láti orí kejì títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé ní àárín. Yóò lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí yóò fi rí bí ó ṣe fẹ́, yóò sì tún dan án títí yóò fi máa tàn. Bí irin bá yẹ̀ tàbí tí òkúta bá là, gbogbo làálàá ti di òfo. Ìdí nìyí tí owó lántànà fi wọ́n, tí àwọn ọlọ́lá ní ilẹ̀ Yorùbá àti lẹ́yìn odi rẹ̀ fi ń ra á.

J. D. Clarke kọ̀wé nípa àwọn oníṣẹ́ yìí ní ọdún 1938. Nígbà tí Ann O'Hear gbé ìtàn wọn jáde ní ọdún 1986, iṣẹ́ tí ó ti gbayì tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́. Kí ni ó pa á? Ọjà ilẹ̀ òkèèrè wà nínú ohun tí ó pa á.

Ayédèrú Kì í Jìnnà sí Ojúlówó

Níbi tí ojúlówó bá wà, ayédèrú kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ dígí ní Venice, ní Ítálì, ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún ọjà Áfíríkà láti ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Bohemia, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dígí ṣe àfarawé ìlẹ̀kẹ̀ òkúta àti ti iyùn, nítorí pé wọ́n ti mọ ohun tí àwọn òǹrajà Áfíríkà fẹ́. Ní Idar-Oberstein, ní Jámánì, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí omi ń yí gé òkúta, wọ́n ń kó òkúta wá láti Brazil, wọ́n ń pa á láró kí ó lè pọ́n, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Alágbẹ̀ẹ́ òkúta tí ń fi ọwọ́ lu ihò ní Ìlọrin kò lè bá ẹ̀rọ dù ú. Ohun tí ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti ṣe, ẹ̀rọ á ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ á sì rọjú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra o. Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ni ayédèrú. Àwọn Masagá, oníṣẹ́ dígí ní Bídà, nílẹ̀ Tápà, máa ń yọ́ ìgò, wọ́n á sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni tiwọn, ó sì ní iyì tirẹ̀. Ẹ̀tàn ni ó ń sọ nǹkan di ayédèrú. Bí òǹtajà bá mú ìlẹ̀kẹ̀ Bídà tí ó pè é ní ìlẹ̀kẹ̀ Bídà, òótọ́ ni ó sọ. Bí ó bá pè é ní sẹ̀gi àtijọ́, olè ni.

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó da ọjà péálì rú ní àgbáyé, ó sì dára kí á mẹ́nu bà á, nítorí pé péálì ti di ohun tí àwọn ìyá àti àwọn ìyàwó wa ń lò sí òde lónìí. Inú ìkarahun ẹran omi kan ni péálì ti ń wá. Bí ohun kan bá wọ inú ìkarahun náà tí ó ń yọ ẹran náà lẹ́nu, ẹran náà á máa fi oje ara rẹ̀ bò ó lábala lábala, títí yóò fi di róbótó tí ń dán. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn òmùwẹ̀ Bahrain àti àwọn ìlú etí omi ibẹ̀ ni ó ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkun wá a, pẹ̀lú ewu ẹ̀mí. Ní ọdún 1893, ọmọ Jàpáàní kan, Kokichi Mikimoto, rí i ṣe pé kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki nǹkan sínú ìkarahun náà, kí ẹran inú rẹ̀ sì bò ó di péálì. Nígbà tí péálì ọ̀sìn róbótó wá pọ̀ lọ́jà, àwọn oníṣòwò Yúróòpù pariwo pé ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n ẹran náà gan-an ni ó ṣe é. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń yàwòrán egungun. Ní àwọn ọdún 1930, péálì ọ̀sìn àti ọ̀wọ́n owó tí ó kárí ayé ti ba ọjà àwọn òmùwẹ̀ Bahrain jẹ́. Lónìí, púpọ̀ jù lọ nínú péálì tí ó wà lọ́jà ni a sìn. Kò sí àbùkù níbẹ̀, bí òǹtajà bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ayédèrú péálì ni èyí tí a fi dígí tàbí rọ́bà ṣe, tí a kùn ní ọ̀dà dídán.

Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Nínú ìtàn tí mo sọ yìí àti nínú ohun tí mo kọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, mo ti kó ìlànà díẹ̀ jọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun ọ̀ṣọ́ tàbí tí ó fẹ́ mọ iye èyí tí ó wà nílé.

Èkíní, ojú oòrùn ni kí a ti wò ó. Ìmọ́lẹ̀ iná ilé ìtajà máa ń bo àléébù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí o gbé ọjà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ohun tí ó ń fi pa mọ́.

Èkejì, kí a fọwọ́ wọ̀n ọ́n, kí a sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òkúta, dígí àti iyùn máa ń tutù, wọ́n sì máa ń wúwo. Rọ́bà fúyẹ́, kì í sì tutù.

Ẹ̀kẹta, kí a wo ihò rẹ̀. Ihò ìlẹ̀kẹ̀ tí a ti lò pẹ́ máa ń gbòòrò létí, nítorí pé okùn ti jẹ ẹ́. Ihò lántànà àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gún régé, nítorí pé apá méjì ni a ti lu ú. Bí ihò bá gún bí ọ̀bẹ, tí gbogbo rẹ̀ sì rí bákan náà, ẹ̀rọ ni ó ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi ẹyọ kan wé èkejì. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe tàbí tí ó ti inú omi wá kì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Iyùn gidi a máa ní ìlà tàbí ojú wẹ́wẹ́ lára. Bí ogójì ẹyọ bá pọ́n bákan náà láìsí àléébù kan, tí owó rẹ̀ sì kéré, kí a fura.

Ẹ̀karùn-ún, àdánwò wà fún ìkọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ kì í ha lántànà gidi lára, nítorí pé òkúta náà le ju irin abẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí iyùn gidi níbi tí kò hàn, yóò hó díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tètè nù ún nítorí pé ó ń ba dídán rẹ̀ jẹ́. Bí a bá fi òwú tí a ti bọ inú ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná ra ìlẹ̀kẹ̀ tí a pa láró, aró lè lẹ̀ mọ́ òwú. Bí a bá rọra fi péálì ra eyín iwájú, ojúlówó máa ń ṣe bí iyanrìn kíkúnná lẹ́nu. Èyí tí a fi dígí tàbí rọ́bà ṣe á máa yọ̀. Kí a sì wo okùn péálì náà bóyá kókó wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì, kí gbogbo rẹ̀ má baà dà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí okùn bá já.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a béèrè ìtàn rẹ̀. Ta ni ó ni ín tẹ́lẹ̀? Níbo ni ó ti wá? Òǹtajà tí kò mọ ìtàn ọjà rẹ̀ lè jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gba owó ìtàn lọ́wọ́ wa. Bí ó bá sì jẹ́ àwa ni a fẹ́ tà, kí a kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé léèrè, kí a má ṣe jẹ́ kí àlejò tí ó wá rà á ni yóò sọ iye rẹ̀ fún wa.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ó mọ iyì wúrà là á tà á fún, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Ìtàn ìdílé wa fi hàn mí pé ẹni tí ó ni wúrà pàápàá gbọ́dọ̀ mọ iyì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a díyelé e. Ohun tí ọkùnrin oníkiri náà ṣe ní ilé wa kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí Frobenius ṣe ní Ifẹ̀. Ọ̀kan sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ wa kò níye lórí. Èkejì sọ pé ó níye lórí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jẹ́ tiwa. Àìmọ̀ ni ó fún àwọn méjèèjì láyè. Ní ti Ifẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé padà lọ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rí tú irọ́ palẹ̀. Ní ti ilé wa, ohun tí ó lọ ti lọ.

Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí a bá dé iwájú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí á bi àwọn ọmọ ohun tí ó wà nínú àpótí màmá àgbà tiwọn. Kí wọ́n lọ béèrè orúkọ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ nígbà tí ẹnu tí yóò sọ ọ́ ṣì wà láyé. Ní ìgbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mi tí ó kọjá, mo mú ẹyọ sẹ̀gi kan náà lọ sí kíláàsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ náà gbé e kọjú sí ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan wá bá mi, ó ní, “Olùkọ́, ìyá àgbà mi ní irú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní tà á.”